Ọjọ́ Kan Ní Freetown

Nígbà tí mo dé láti Freetown, ní orílẹ̀-èdè Sierra Leone tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Kí lẹ rí bọ̀?" Mo fi fọ́tò òkun hàn wọ́n, mo fún àwọn ọmọdé ní bisikíìtì, mo sì dákẹ́ nípa ìyókù. Olóòtú ìwé ìròyìn yìí ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù fún mi, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò parí sí Freetown. Agbo ilé bàbá mi ló parí sí, ní Akínyẹlé níhìn-ín.

Iṣẹ́ gbágùúdá ni mo ń ṣe. Gààrì, láfún àti fùfú ni èmi àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ń ṣe tà ní Mọ́níyà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n pè mí sí ìpàdé ọlọ́jọ́ mẹ́ta lórí gbágùúdá ní Freetown. Ìpàdé parí ní ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ òfurufú tèmi di ọjọ́ Àìkú. Àwọn tí a jọ ṣe ìpàdé ti túká, èmi nìkan ló kù sí hòtẹ́ẹ̀lì, n kò sì mọ ẹnikẹ́ni nínú ìlú náà. Mo rò pé kí n fi ọjọ́ Sátidé gbààwẹ̀, kí n sì sùn. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá ló ní kò yẹ kí n wá láti ọ̀nà jíjìn kí n má mọ ìlú àwọn. Ó bá mi wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń mú àlejò káàkiri.

AFINIMỌ̀NÀ MI

Ó dé ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Tẹ́mìnì ni, Mùsùlùmí sì ni. Kí n má purọ́, ọkàn mi fà sẹ́yìn díẹ̀. Mo ti gbàdúrà lóru pé kí Olúwa fún mi ní ẹni tí yóò tọ́ mi sọ́nà, ẹni tí mo sì ń retí kọ́ ni mo rí yìí. Ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyàwó mi ń lọ. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú yìí tí n kò mọ̀." Lẹ́yìn náà ni mo wá rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé níbẹ̀. Nínú ilé kan náà ni ẹ ó ti rí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí, kò sì yàtọ̀ sí ti àwa ará Ìbàdàn.

A dúnàá-dúrà lórí owó ọjọ́ kan, a wọ kèkè. Bẹ́ẹ̀ ni, kèkè ni àwọn náà ń pè é. Gẹ̀ẹ́sì àti Kíríò ni a fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Píjìn wa yóò gbọ́ ìdajì Kíríò, yóò sì máa méfò ìdajì tó kù.

IGI ÀRÀBÀ TÓ WÓ

Àárín ìlú ni a kọ́kọ́ lọ, sí ìdí igi àràbà tí gbogbo ayé fi mọ Freetown. Ìtàn sọ pé nígbà tí àwọn ènìyàn dúdú tó lé ní 1,000 wọ ọkọ̀ láti Nova Scotia ní Kánádà, tí wọ́n sì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1792, ìdí igi náà ni wọ́n kó ara wọn jọ sí láti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àwọn ló sì dá Freetown tí a mọ̀ lónìí sílẹ̀. Igi náà kò sí mọ́. Ìjì òjò wó o lulẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 24, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023. Kùkùté ńlá ni mo bá. Afinimọ̀nà mi sọ pé àwọn àgbà ọkùnrin sunkún ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bi í bóyá wọ́n ń bọ igi náà ni. Ó ní àwọn kan máa ń gbé nǹkan wá síbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn kàn fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ìyá àgbà ni.

A yọjú sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà nítòsí, a kò pẹ́ níbẹ̀. A fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ sí etí omi, a rí àtẹ̀gùn òkúta àtijọ́ tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti jẹ. Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́. Oòrùn ti ń mú. Mo ra omi mu, mo sì ń ronú oúnjẹ ọ̀sán, nígbà tí ó ní, "Màmá, ibi kan ló kù ká tó jẹun."

ẸNU Ọ̀NÀ KING'S YARD

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn Connaught ni ẹnu ọ̀nà kan wà. Bí kì í bá ṣe pé ó dá mi dúró, ǹ bá kọjá lára rẹ̀. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ènìyàn ń kọjá níbẹ̀, ẹlẹ́pà kan jókòó sí tòsí rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí orí rẹ̀: ọdún 1817, orúkọ Gómìnà MacCarthy, àti pé ilé ìwòsàn àti ibi ààbò ni fún àwọn ọmọ Áfíríkà tí ìgboyà àti àánú Gẹ̀ẹ́sì yọ kúrò lóko ẹrú. Ọmọ náà kà á fún mi tán, ó ní, "Òyìnbó mọ bí a ti ń yin ara ẹni." Ó nawọ́ sí apá ibi tí odò ti ń bọ̀. Ó ní bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sókè, a ó dé Bunce Island, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì kan náà ti kó ẹrú ránṣẹ́ fún ohun tó lé ní 100 ọdún, kí òfin tó dá wọn dúró ní ọdún 1807.

Lẹ́yìn òfin náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ etí òkun wa. Bí wọ́n bá mú ọkọ̀ tó kó ẹrú, wọ́n á mú un wá sí Freetown, kóòtù á sì dá àwọn tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ọgbà tó wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà yìí ni wọ́n ń kó wọn sí. Akọ̀wé á kọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ńlá, bí ó ti dàgbà tó, bí ó ti ga tó, àti ilà tàbí àpá tó wà lára rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin òbí. Ilà tí wọ́n kọ sí ojú ọmọ kí ìdílé rẹ̀ lè dá a mọ̀, akọ̀wé àjèjì ló wá ń kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín wọn sí àwọn abúlé. Wọ́n sọ àwọn kan di ọmọ iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, wọ́n fi àwọn kan ṣe sójà. Òmìnira náà ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ báyìí ní Freetown lé ní 80,000 kí òwò náà tó dópin.

Ó bi mí pé, "Ìlú wo gan-an ni Màmá ti wá?" Mo ní Ìbàdàn. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Yorùbá! Àwọn ènìyàn yín pọ̀ púpọ̀ nínú wọn. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n níbí." Nítorí ìkíni wa ni. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn: ohun tí àwọn ará ibẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu wọn ṣáá nìyẹn, ni wọ́n bá fi ṣe orúkọ wọn.

Omi lé sí mi lójú. Mo ní, "Òyìnbó burú." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá." Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n ta ló mú wọn dé etí òkun? Àwa Tẹ́mìnì tà lára tiwa."

N kò dá a lóhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Akínyẹlé mọ ohun tí n kò lè sọ. Ẹ wo orúkọ Ìkèrèkú, ẹ wo Òjòó. Bí ẹ bá dé Abẹ́òkúta, ẹ ó tún bá Ìkèrèkú àti Òjòó níbẹ̀. Ẹ̀gbá ló ni ilẹ̀ tí a wà yìí nígbà kan rí. Láàrin ọdún 1820 sí 1830, lẹ́yìn tí wọ́n fọ́ Òwu, ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tí ogun ti lé kúrò nílé yí sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣẹ́kù sá tẹ̀lé Ṣódẹkẹ́ lọ sí abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830. Ìbàdàn, tí í ṣe ìletò Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀, di ibùdó àwọn ọmọ ogun náà. Àwọn tí wọ́n mú ńkọ́? Ọmọ Ẹ̀gbá kan wà nínú wọn tí a wá mọ̀ sí Joseph Wright. Ọmọdé ni nígbà tí ogun kó ìlú rẹ̀. Freetown ló dàgbà sí, ó kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1839, ó sì di òjíṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní 1848.

Baba ńlá tiwa bá ogun yẹn wá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún wa láti kékeré. Nígbàkígbà tí a bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ tàbí ìnáwó, onílù yóò wọlé, yóò ki oríkì rẹ̀: bí ó ti ń da àwọn tó mú lójú ogun bí ẹni da agbo ẹran, bí àgbàlá rẹ̀ kò ti gbà wọ́n mọ́. Orí á wú wa. Èmi tí mo jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, mo ti jó sí i, mo ti lẹ owó mọ́ onílù níwájú lórí oríkì náà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò sí ìgbà kan tí mo bi ara mi léèrè pé níbo ni wọ́n kó agbo náà lọ.

ILÉ ÌWÉ CROWTHER

A jẹun. Ewé gbágùúdá ni wọ́n fi se ọbẹ̀. Èmi tí mo ti fi gbágùúdá jẹun fún 20 ọdún, ewúrẹ́ ni mo rò pé Ọlọ́run dá ewé rẹ̀ fún! Wọ́n máa ń gún un kúnná, wọ́n á sè é jinná dáadáa pẹ̀lú epo àti ẹja, nítorí májèlé tó wà nínú rẹ̀. Mo jẹ àwo kan tán, mo sì bu díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, ẹ wá bá mi, n ó sọ bí wọ́n ti ń sè é.

Láti ibẹ̀ a kọjú sí ìlà oòrùn, sí Cline Town. Ilé gogoro olókùúta pupa kan wà níbẹ̀ tí iná ti jó inú rẹ̀, ògiri nìkan ló dúró. Fourah Bay College àtijọ́ nìyẹn. Àwọn míṣọ́nnárì CMS dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1827; ilé olókùúta yìí dé lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí 1848. Ọdún 1999, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ni iná jó o. Ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti wà lórí òkè Aureol báyìí. Afinimọ̀nà mi sọ pé ọmọdé ni òun nígbà tí àwọn ọ̀tẹ̀ wọ Freetown ní oṣù Kìíní ọdún 1999, pé sójà Nàìjíríà kan fún òun ní búrẹ́dì. Kò mọ orúkọ rẹ̀. Nítorí búrẹ́dì yẹn, ó ní, òun kì í gba owó tó pọ̀ lọ́wọ́ ará Nàìjíríà. Mo rántí ìdúnàá-dúrà wa ní òwúrọ̀, mo kàn wò ó, a jọ rẹ́rìn-ín.

Samuel Àjàyí Crowther wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay. Ẹ ti gbọ́ ìtàn rẹ̀: ogun mú un ní Òṣòògùn ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí ní oṣù Kẹrin 1822, ó ṣe ìrìbọmi ní 1825, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Èyí tí n kò rò rí ni ohun tó ṣe ní Freetown ní ọjọ́ 9, oṣù Kìíní, ọdún 1844. Ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá, ó wàásù ní Yorùbá. Ta ló jókòó gbọ́ ọ? Ará Ẹ̀gbá, ará Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, àwọn tí ìlú wọn ń bá ara wọn jagun nílé ní àkókò náà gan-an. Orí ìjókòó kan náà ni wọ́n wà. Ní ìlú àjèjì ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ẹ̀yà kan, àwọn ni wọ́n sì gbé ìhìn rere padà wálé fún wa. Ó lé ní ọdún 20 tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Sunday School nípa Jósẹ́fù (Jẹ́nẹ́sísì 45). Bí a bá ti dé ibi tó ti fi ara hàn, èmi àti àwọn ọmọ a máa yọ̀ bí ẹni pé àwa ni Jósẹ́fù. Ní iwájú ògiri jíjó yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ìjókòó tiwa wà, àwọn tó tà á, tó sì tún wá jẹ nínú ọkà rẹ̀.

NÍ HASTINGS

Mo bẹ ọmọ náà pé kó mú mi dé Hastings kí ilẹ̀ tó ṣú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí nínú àdéhùn wa. A kọjá Kissy, a kọjá Wellington. Abúlé tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ sí ni wọ́n. Mo mọ orúkọ Hastings kí n tó débẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n bí Samuel Johnson sí ní ọdún 1846, ẹni tó kọ ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Bàbá rẹ̀ kó wọn padà wálé, ó sì wá bá míṣọ́nnárì Hinderer ṣiṣẹ́ Olúwa ní Ìbàdàn ní nǹkan bí 1858. Ẹ ò rí nǹkan: ọmọ ẹni tí wọ́n tà lẹ́rú ló wá kọ ìtàn ogun wa sílẹ̀ fún wa, tí kò jẹ́ kó parun.

Ìyá àgbà kan ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì de ọjọ́ Àìkú. Ó kí wa ní "kushe", etí mi sì gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́". Ó fún wa ní ìjókòó. Bí mo ti sọ pé Yorùbá ni mí, ó ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka ọ̀rọ̀ fún mi bí ẹni ka owó: komojade ni wọ́n ń pe ìsọmọlórúkọ, ashobi ni aṣọ ẹbí, awujo ni àsè tí ẹbí ń péjọ sí. Àkàrà, àkàrà náà ni. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè sódò bí tiwa mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa ni.

Ó ní Ẹ̀gbá ni wọ́n sọ fún òun pé àwọn ìyá ńlá òun. Kò mọ ìlú. Ó bi mí pé, "Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ti kó wọn?"

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.

Ó ní, "Ṣé ibẹ̀ dára?"

Mo ní ó dára, pé ilẹ̀ rẹ̀ gba gbágùúdá, ó gba àgbàdo. Ẹ̀yin ará, ẹnu mi kò lè sọ pé inú ibẹ̀ ni mò ń gbé, pé baba ńlá mi ni wọ́n fi lé àwọn ìyá ńlá rẹ̀ jáde ń kọrin. Afinimọ̀nà mi wo ojú mi, kò sọ nǹkan kan. Ìyá náà dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, ó gbàdúrà fún mi ní Kíríò, fún ọ̀nà mi, fún àwọn ọmọ mi, àti fún ìlú tí mo ti wá, kí àlàáfíà má kúrò níbẹ̀. Mo ṣe àmín. Òru ọjọ́ náà ni n kò tó sùn.

NÍLÉ

Ó tó oṣù méjì kí n tó lè bá àbúrò bàbá mi sọ ọ́, òun ni baálé agbo ilé wa. Ó ti lé ní 80 ọdún, mọ́sálásí ló ń lọ, ó sì fẹ́ràn onílù ju gbogbo wa lọ. A ń ṣe ìsọmọlórúkọ ọmọ kan nínú ẹbí. Onílù dé ibi tí mo ti mọ̀, gbogbo ilé dìde jó, èmi jókòó. Bàbá rí mi. Nígbà tí àlejò túká, ó ránṣẹ́ pè mí, ó bi mí bóyá ṣọ́ọ̀ṣì wa ló tún ti ka ìlù sí ẹ̀ṣẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mú fọ́tò ẹnu ọ̀nà náà jáde, mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, títí dé orí ìyá tó ń gbálẹ̀. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú rẹ̀. Kò bínú. Ó ní kí wọ́n bá òun mú jígí òun wá. Ó wo fọ́tò náà pẹ́.

Ó ní, "Wọ́n tó mélòó?"

Mo ní Yorùbá nìkan kọ́ o, ṣùgbọ́n gbogbo wọn lé ní 80,000.

Ó pe oríkì mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, n kò lè ní kí onílù má lu ìlù baba mi. Ohun tí mo bá láyé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá tún dé, tó bá dé ibẹ̀, n ó jókòó tì ọ́."

Kò tíì dá fọ́tò náà padà fún mi. Àwọn ọmọ ilé sọ pé abẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ ló fi sí.